Bí a ṣe ń fi àtẹ́wọ́ wá orísun orin àti ijó Kúbà

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí orin Kúbà ti ṣẹ̀ wá, àtẹ́wọ́ ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé clave, ìyẹn igi kúkúrú méjì tí wọ́n máa ń lù mọ́ra, tí orúkọ rẹ̀ tún jẹ́ ti ìró tí wọ́n fi ń lù ú, ni òpó tí gbogbo ilé náà dúró lé. Bí ọwọ́ kò bá tíì mọ clave, ìtàn yòówù kí a kà nípa rumba tàbí son, oríṣi orin àti ijó Kúbà méjì, ojú lásán ni yóò mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí a ka 1 dé 16 pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí kíkà náà dọ́gba. Orí 1, 4, 7, 11 àti 13 nìkan ni kí a ti pàtẹ́wọ́. Mẹ́ta yóò bọ́ sí ìdajì àkọ́kọ́, méjì yóò bọ́ sí ìdajì kejì. Kí a máa tún un pa títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ẹnu ń kà á. Clave ti son nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kí a jẹ́ kí àtẹ́wọ́ kẹta pẹ́ díẹ̀, kí ó bọ́ sórí 8, kí a má sì yí èyí tó kù padà: clave ti rumba nìyẹn. Kò ní ṣàjèjì rárá létí ẹni tí ó bá mọ kónkóló tí àwọn onílù wa ń lù lórí agogo.

Ìgbésẹ̀ kejì: kí a tẹ́tí sí rumba. Ìlú Havana àti agbègbè Matanzas ni ó ti dàgbà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ èbúté àti àwọn tálákà tí wọ́n jọ ń gbé ilé alágbàlá kan náà. Níbi tí wọn kò ti rí ìlù, wọ́n ń lu àpótí pákó tí wọ́n fi kó ẹja oníyọ̀ wọ̀lú. Bí orin bá rọra ń lọ, tí ọkùnrin àti obìnrin sì ń jó bí ẹni tí ọjọ́ ogbó ti dé sí, yambú ni. Bí ó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, guaguancó ni: ọkùnrin yóò ṣàdéédéé ju ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí ìbàdí síhà obìnrin, obìnrin náà yóò sì yára fi ọwọ́ tàbí etí aṣọ rẹ̀ bo ara. Columbia ni èyí tí ọkùnrin ń dá jó níwájú ìlù, tí ìlù ń dá ẹsẹ̀ rẹ̀ lóhùn.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí a ti ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ pé ti Yorùbá ni gbogbo ohun tí àwọn aláwọ̀ dúdú Kúbà ń ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ará Kóńgò hàn nínú rumba ju tiwa lọ, àwọn ọmọ agbègbè Calabar náà sì ní tiwọn níbẹ̀. Ìwọ̀sí ni fún àwọn baba ńlá tiwọn náà bí a bá gbé e lọ́wọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni batá, ibi tí ọ̀rọ̀ ti di tiwa gan-an. Lẹ́yìn tí ìjọba Ọ̀yọ́ ti dàrú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn wa ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí, oko ẹrú kò sì dópin níbẹ̀ títí di ọdún 1886. Fernando Ortiz, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àṣà ọmọ Kúbà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn méjì nínú wọn, Àyánbí àti Àtàńdá, ni wọ́n gbẹ́ batá mímọ́ àkọ́kọ́ ní Havana ní nǹkan bí ọdún 1830. Kí a jókòó, kí a gbé ìlù náà dùbúlẹ̀ sórí itan, kí ojú ńlá wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Enú ni wọ́n ń pe ojú ńlá náà, chachá ni wọ́n ń pe èyí tó kéré. Chaworó ni wọ́n so mọ́ ìyá ìlù, Añá sì ni òrìṣà tó ń gbé inú rẹ̀. Ta ni kò gbọ́ ẹnu, ṣaṣá, ṣaworo àti Àyàn nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí? Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń lu ojú méjèèjì níbẹ̀, nígbà tí àwa ń gbé tiwa kọ́rùn, tí a sì ń fi bílálà na ṣaṣá. Okónkolo, èyí tó kéré jù, ni kí akẹ́kọ̀ọ́ bá bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni kì í yẹsẹ̀. Itótele ló tẹ̀ lé e, Iyá ló sì kẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí a wá son lọ sí ìlà-oòrùn erékùṣù náà, níbi tí gìtá àwọn ará Sípéènì ti pàdé ìlù bongó. Ní Havana, ẹgbẹ́ Sexteto Habanero bẹ̀rẹ̀ ní 1920, nígbà tí ó sì di àwọn ọdún 1940, Arsenio Rodríguez fi dùùrù àti ìlù ńlá kún un. Láti jó o, kí a tẹ orúnkún díẹ̀, kí a gbẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí a sì dákẹ́ ní ìkẹrin. Danzón, tí Miguel Faílde gbé jáde ní Matanzas ní 1879, àti chachachá tí Enrique Jorrín dá sílẹ̀ láti ara rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, ọmọ ijó àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìlù Áfíríkà ti yí wọn padà.

Ní ìparí, kí a fi àwo guaguancó kan sí i, kí a máa pàtẹ́wọ́ lé e. Bí ọwọ́ àti orin bá ń bá ara wọn jà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìdajì tí ó ní àtẹ́wọ́ méjì ni orin náà fi bẹ̀rẹ̀. Kí a dúró, kí a jẹ́ kí ìdajì kan kọjá, kí a sì tún wọlé láti 1.