Bí mo ṣe wá ọ̀nà àbáyọ fún ìdènà ìbọn Mosin-Nagant mi nígbà tí ọwọ́ mi kò lágbára mọ́

Ọdún kẹrin rèé tí làkúrègbé ti mú oríkèé ọwọ́ ọ̀tún mi. Mo ṣì lè gbé ìbọn lé èjìká, mo sì ṣì lè yìn ín kó ba ibi tí mo fojú sùn. Ohun tó wá di ìṣòro ni ìdènà rẹ̀, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ìbọn ṣàdédé yìn. Mosin-Nagant àtijọ́ ni mo ní, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 91/30.

Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ìbọn yìí rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ní 1891 ni àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ti kọ́kọ́ gba Mosin-Nagant láti máa lò. Kò ní ọ̀pá kékeré tí a lè fi àtàǹpàkò yí bíi ti Mauser 98, ìbọn àwọn ará Jámánì. Kókó irin roboto tó wà ní ìdí bolt, ìyẹn irin gbọọrọ tí a ń fà sẹ́yìn tí a sì ń tì síwájú láti ki ọta bọ inú ìbọn, ni ìdènà rẹ̀. A ó fà á sẹ́yìn títí tí yóò fi borí sípíríǹgì tó ń ti abẹ́rẹ́ ìbọn, a ó yí i sí òsì, a ó wá rọra jẹ́ kó padà wá jókòó sẹ́yìn ara ìbọn. Bó bá ti jókòó síbẹ̀, abẹ́rẹ́ kò lè gún ìdí ọta mọ́, bolt náà kò sì ní ṣí. Irin ló dá irin dúró, ìdí nìyẹn tí mo fi fọkàn tán an. Àmọ́ ìka méjì tàbí mẹ́ta péré ni kókó náà gbà, ìka mi kò sì lè fún un mọ́.

Kí n tó ronú nípa irinṣẹ́ kankan, mo tú bolt palẹ̀. Gírísì àtijọ́ tí wọ́n fi tọ́jú ìbọn pa mọ́ ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ, mo sì kán òróró díẹ̀ sí i. Ó fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ kò tíì tó.

Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n gé sípíríǹgì kúrú. N kò gbà. Sípíríǹgì yẹn náà ló ń fún abẹ́rẹ́ lágbára. Bó bá dẹ̀, ọta lè má dún nígbà tó yẹ kó dún, ẹni tó di ìbọn mú kò sì ní mọ̀ bóyá ọta náà ti kú tàbí ó fẹ́ pẹ́ kó tó dún. Ọwọ́ mi ni kò lágbára, kì í ṣe ìbọn. Agbára ọwọ́ ni mo ní láti wá.

Mo kọ́kọ́ fi idẹ ṣe òrùka alápá kan, mo sì fi síkúrù dè é mọ́ kókó náà pátápátá. Ó rọrùn láti fà, àmọ́ àṣìṣe gbáà ni. Kókó náà máa ń bá abẹ́rẹ́ lọ síwájú nígbà tí ìbọn bá yìn, nítorí náà ẹrù tí mo dì lé e ń fà á sẹ́yìn. Apá idẹ náà sì ń gbá igi ìdí ìbọn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo lò ó, mo tú u.

Èyí tí mò ń lò báyìí kì í gbé ara ìbọn. Ó jẹ́ pátákó idẹ pẹlẹbẹ tí mo gé lẹ́nu bíi pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin, kó lè wọ ọrùn kókó náà láti ẹ̀gbẹ́. Mo lẹ awọ mọ́ inú rẹ̀ kó má bàa yọ̀, síkúrù kan tí mo fi ọwọ́ yí sì ń fún un mọ́ra. Ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ igi, ó gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, mo sì fi fáìlì yí etí rẹ̀ po. Fáìlì yẹn gba ọjọ́ mẹ́ta, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ ni ọwọ́ mi lè ṣe.

Bí mo ṣe ń lò ó nìyí: mo kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, ìka mi jìnnà sí ibi tí a ti ń fà á kó yìn. Mo fi ìdí ìbọn ti itan, mo fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ di igi náà mú, mo wá fi apá àti èjìká fà á dípò ìka. Bí mo bá ti yí i tán, mo yọ irinṣẹ́ náà kúrò. Ìgbà tí mo bá fẹ́ ṣí ìdènà ló léwu jù, torí bí kókó náà bá já lọ́wọ́ mi, ó lè ṣubú síwájú. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi ọta sí ojú ihò títí tí mo fi máa yìn ín gan-an.

Láìsí ọta kankan nínú ìbọn ni mo fi dán an wò: mo fi ìdènà sí i, mo fà á bí ẹni fẹ́ yìn ín, kò mira. Mo ṣí ìdènà láì fọwọ́ kan ibi tí a ti ń fà á, abẹ́rẹ́ kò ṣubú. Mo fi òòlù rọ́bà gbá ìdí rẹ̀, kò tún mira. Ogún ìgbà ni mo ṣe é, lẹ́yìn náà ni mo gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí n tún awọ náà lẹ̀, torí òróró ti ń jẹ ẹ́. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó jáde nílé.