Bí A Ṣe Ń Wo Fíìmù Ajániláyà Látinú Àtòjọ, Tí A Sì Ń Fún Un Ní Máàkì

Nílé tí mò ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo níbí, ẹ̀yìnkùlé ni ṣáláńgá wà. Láti ẹnu ilẹ̀kùn mi dé ibẹ̀ kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, igi máńgòrò kan ló sì wà láàárín. Ogún ìṣísẹ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ fi ń wọn fíìmù. Bí mo bá wo fíìmù tán ní aago mọ́kànlá alẹ́, tí mo dá rìn débẹ̀ láìtan tọ́ọ̀ṣì, fíìmù náà ò já mi láyà nìyẹn, ohun yòówù kí àwọn èèyàn máa sọ nípa rẹ̀.

Àmọ́ ṣáláńgá nìkan ò tó fi ṣe òṣùwọ̀n. Láti ìgbà tí èmi àti àbúrò mi ti ń wo fíìmù látinú àtòjọ, a ti ṣi ẹsẹ̀ gbé lóríṣiríṣi kí ọ̀nà wa tó gún. Ọ̀nà ọ̀hún ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò nílé tirẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó to àtòjọ náà

Àtòjọ fíìmù pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò sì jọra rárá. Èyí tí àwa mú ni èyí tí American Film Institute, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fíìmù ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2001, tó ka 100 fíìmù Amẹ́ríkà tó ń já àyà ẹni jù lọ. Àwọn tí fíìmù jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn ló dìbò. Psycho (1960) ló gba ipò kìíní, Jaws (1975) tẹ̀lé e, The Exorcist (1973) ṣe ẹ̀kẹta, North by Northwest (1959) sì ṣe ẹ̀kẹrin. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé àyà jíjá nìkan ni wọ́n fi dá wọn lẹ́jọ́. Wọn ò béèrè bóyá fíìmù iwin ni, tàbí ti ogun, tàbí ti olè. Àléébù rẹ̀ náà ò fara sin: ohunkóhun tó jáde lẹ́yìn ìgbà náà kò sí níbẹ̀, tiwa ò sì lè sí níbẹ̀ láéláé, torí ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kà.

Àtòjọ 250 ti IMDb, ìkànnì ìsọfúnni nípa fíìmù, yàtọ̀. Èmi àti ẹ̀yin, aráàlú lásán, ló ń dìbò níbẹ̀, láti 1 dé 10. Fíìmù gbọ́dọ̀ ní ìbò tó 25,000 kó tó lè wọ ibẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ẹbí àti ọ̀rẹ́ olóòtú ló kóra jọ gbé e gun òkè. Ti Rotten Tomatoes, ìkànnì tó ń kó ọ̀rọ̀ àwọn alárìíwísí fíìmù jọ, ló máa ń tan èèyàn jẹ jù. Bí wọ́n bá kọ 95% sára fíìmù kan, máàkì 95 kọ́ nìyẹn o. Iye àwọn alárìíwísí tó ní fíìmù náà dáa, nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n ń sọ. Bí alárìíwísí mẹ́wàá bá wò ó, tí gbogbo wọn ní "ó ṣeé wò, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀," 100% ló máa gbà. Èyí tí márùn-ún nínú wọn wò tí wọn ò lè sùn mọ́jú, tí márùn-ún yòókù sì kórìíra, 50% ni yóò gbé lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ irú èyí ló sábà máa ń bá fíìmù ajániláyà, torí ohun tó dẹ́rù ba ẹnì kan ló máa ń pa ẹlòmíì lẹ́rìn-ín.

Ẹ mú àtòjọ kan ṣoṣo. Ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan nọ́mbà kìíní

Nọ́mbà kìíní ni àwa fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ la sì ti ṣìnà. Lálẹ́ ọjọ́ tí a wo Psycho, mo fún un ní 9 nínú 10 lójú ẹsẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì a wo Jaws, ó já mi láyà jù ú lọ, mo fún un ní 10. Kí ni mo wá fẹ́ fún èyí tó bá ju ìyẹn lọ? Kò pẹ́ tí ìwé mi fi kún fún 9 àti 10 bíi ti ọmọ tísà, mo bá fà á ya. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ kó ẹran inú ọbẹ̀ jẹ, òkèlè tó kù á dà bí èyí tí kò níyọ̀.

Ohun tí à ń ṣe báyìí nìyí. Kí ẹ tó wo ẹyọ kan nínú àtòjọ, ẹ mú fíìmù mẹ́ta tí ẹ ti wò tẹ́lẹ̀, tí ẹ mọ̀ dáadáa, kí ẹ fi wọ́n ṣe òpó. Èyí tó mú yín sùn lọ, ẹ fún un ní 2. Èyí tí kò gbóná tí kò tutù, 5. Èyí tó já yín láyà jù títí di òní, ẹ fún un ní 8, kí àyè lè wà lókè. Òpó tèmi lórí 8 ni October 1 (2014) ti Kúnlé Afọláyan: ọlọ́pàá tí Sadiq Daba ṣe ń wá ẹni tó ń pa àwọn ọmọbìnrin ní ìlú kékeré kan, òmìnira 1960 sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ kọ òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú ewé àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín àtòjọ, bíi nọ́mbà 50, kí ẹ máa gun òkè díẹ̀díẹ̀. Fíìmù kankan ò gbọdọ̀ gba 10 kí ẹ tó wo ogún.

Iná, dátà, ilẹ̀kùn

Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ti gba fíìmù sílẹ̀ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá jẹ́ Netflix, ètò tó kéré jù níbẹ̀ ń jẹ tó 0.3 GB ní wákàtí kan, ìyẹn sì tó fún ojú fóònù. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, torí iná mọ ìgbà tó yẹ kó lọ: ó di ìgbà tí ẹnì kan bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn nínú fíìmù. Ẹ wo àmì ọjọ́ orí. Bó bá jẹ́ 18, kí àwọn ọmọ ti sùn, oorun gidi o, kí wọ́n má kàn bo aṣọ lórí kí wọ́n máa yọjú.

Ilẹ̀kùn ló ṣe kókó. Nígbà tí Psycho jáde ní 1960, Alfred Hitchcock tó darí rẹ̀ ní kí àwọn ilé sinimá má gba ẹnikẹ́ni wọlé bí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ṣebí ẹ mọ aládùúgbò tó máa ń wọlé lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, táá ní "Ta leléyìí? Ṣé ọkọ ẹ̀ ni?", táá tún ní kí ẹ dá a padà sẹ́yìn? Àwa ti ilẹ̀kùn. Ìyá onílé nìkan ni òfin yìí ò mú, torí àwọn ló ni ilẹ̀kùn.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́

Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ níbi tí iṣan ti ń lù, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ tún un kà bí fíìmù bá ṣe ń parí. Tèmi jẹ́ 74 kí Jaws tó bẹ̀rẹ̀, ó di 92 nígbà tó parí. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe adájọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ti àbúrò mi fò dé 104 lórí fíìmù tí èmi ń hanrun sí. Ẹnu yà mí, àfi ìgbà tí mo rí àjẹkù gbànja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀. Kaféènì inú obì ló ń sáré káàkiri ara rẹ̀, fíìmù ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ gan-an ni ìyàtọ̀ láàárín ìtagìrì àti ìfòyà. Hitchcock ṣàlàyé rẹ̀ fún François Truffaut, olùdarí fíìmù ará Faransé, báyìí: àwọn èèyàn jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lásán, bọ́ǹbù sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ̀, tó dédé bú gbàù, ẹ ó tagìrì fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Bí ẹ bá ti rí bọ́ǹbù náà ṣáájú, tí ẹ mọ aago tó máa bú, ọ̀rọ̀ lásán yẹn á gbé yín lọ́kàn sókè fún ìṣẹ́jú 15 gbáko.

Kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo níbí ní 1963, ta ni nínú àwọn tó jókòó tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Ṣàngó máa já sí? Mímọ̀ ọ̀hún gan-an ló ń mú kí gbogbo àṣẹ tí ọba ń pa lórí ìtàgé máa bani lẹ́rù. Ẹ tún wo Saworoidẹ (1999) ti Túndé Kèlání. Adé wà lórí ọba tí kò ṣe ohun tó yẹ kó ṣe kó tó dé e, ìlù wà lọ́wọ́ onílù, a sì ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí etí ọba bá gbọ́ ìlù náà. Bọ́ǹbù abẹ́ tábìlì nìyẹn.

Nínú ìwé mi, ìtagìrì ni mo ń fi ilà kékeré kọ, ìfòyà ni mo ń fi òdo kọ. Fíìmù tó bá kún fún ilà láìní òdo kì í kọjá 6 lọ́wọ́ mi. Ìtagìrì ò wọ́n. Mo lè fi ìdérí ìkòkò ṣe é fún yín.

Ẹ wo ohun tí fíìmù ò fi hàn náà. Ṣáàkì onírin, ìyẹn ẹja apani inú fíìmù náà, tí wọ́n ṣe fún Jaws ń bàjẹ́ ṣáá nínú omi òkun, ni Steven Spielberg tó darí rẹ̀ bá ń ya omi, ó ń ya ẹsẹ̀ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, ó sì jẹ́ kí orin John Williams, ohùn méjì péré, dúró fún ẹja. Ìyá onílé wa ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ife gààrí lọ́wọ́, wọ́n gbọ́ ohùn méjì yẹn, wọ́n sì gbé ife kalẹ̀. "Ìlù yẹn ti sọ ọ́," wọ́n ní. "Nǹkan ń bọ̀." Ẹja ò tíì yọjú. Látọjọ́ náà ni ìyá onílé ti ní ìlà tiwọn nínú ìwé mi. Fíìmù tó bá já wọn láyà láìgbédè, inú àwòrán àti ohùn ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, mo sì ń fi máàkì kan kún tirẹ̀.

Ní ti àbúrò mi, a lọ sí Igbó Ọ̀ṣun lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó kọ̀ kò ki ẹsẹ̀ bọ omi. Mo ní ẹja tó wà níbí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á, òun náà ò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ó ní òun mọ̀. Kò ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Máàkì alẹ́, máàkì àárọ̀

Bí fíìmù bá parí, kí ẹnikẹ́ni má la ẹnu. Kí olúkúlùkù kọ máàkì rẹ̀ sórí ìwé, kó dojú ìwé délẹ̀. Bí ẹni tó lẹ́nu jù nínú ilé bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, máàkì tirẹ̀ ni gbogbo yín máa kọ. Ìgbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán ni kí ẹ tó máa jà.

Máàkì kejì di àárọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù. Ẹ bi ara yín pé kí ló kù lára fíìmù náà. Ọ̀kan gba 8 lọ́wọ́ mi lálẹ́. Nígbà tí mò ń fọ ẹnu láàárọ̀, mi ò rántí ẹni tó kú níbẹ̀ mọ́. Mo fà á wálẹ̀ sí 5. Psycho ṣe òdìkejì rẹ̀. Mo tún un wò lẹ́yìn tí mo ti ya ìwé àkọ́kọ́, mo fún un ní 7 lálẹ́, torí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń fà: obìnrin kan jí 40,000 dọ́là, ó sì ń wa mọ́tò lọ, ó ń wà á lọ. Láàárọ̀, mo gbé garawa omi wọ balùwẹ̀, mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, torí inú balùwẹ̀ ni wọ́n ti pa obìnrin náà. Mo jáde wá kọ 9. Máàkì àárọ̀ ni mò ń gbà.

Máàkì nìkan ò sì lè to fíìmù, torí 7 mẹ́fà lè wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo fi ń tò wọ́n: bí wọ́n bá ní kí èmi nìkan tún wo ọ̀kan nínú méjèèjì lálẹ́ òní, èwo ni mo máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi dúró dọ̀la? Ẹ fi fíìmù tuntun wé èyí tó wà láàárín gbùngbùn àtòjọ yín. Bó bá jù ú lọ, ẹ fi wé èyí tó wà láàárín ìdajì òkè. Bí kò bá tó o, ẹ lọ sí ìdajì ìsàlẹ̀, kí ẹ máa pín in bẹ́ẹ̀. Kódà bí fíìmù yín bá ti pé 30, ìbéèrè márùn-ún péré á ti fi ipò rẹ̀ hàn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó ṣí àtòjọ àwọn ará Amẹ́ríkà wo ibi tí wọ́n fi í sí.

Ìwé tèmi ti di 23 báyìí. The Exorcist ló kàn ní Sátidé yìí. Mo ti sọ fún ìyá onílé pé èyí le o, kí wọ́n jẹ́ kí èmi àti àbúrò mi dá wò ó. Wọ́n wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Ta ló ni ilé?" Nígbà tí mo gba ẹ̀yìnkùlé kọjá ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo rí i pé wọ́n ti fọ póò wọn, wọ́n sì ti gbé e wọlé.