Bí a ṣe ń kọ ìwé parí nígbà tí ọkàn ń sọ pé a ò lè kọ ọ́

Ẹni tó bá ní kí iyèméjì kọ́kọ́ kúrò lọ́kàn òun kí òun tó kọ̀wé, yóò dúró títí. Kì í lọ. Àwọn tó ti gbé ìwé rẹpẹtẹ jáde ṣì ń bá a yí. Ohun tó wà níkàáwọ́ wa ni ká to iṣẹ́ náà lọ́nà tí kò fi ní ráyè dá wa dúró.

Ẹ kọ́kọ́ dá iye ọ̀rọ̀ tí ẹ ó máa kọ lóòjọ́. Ẹ jẹ́ kó kéré débi tí ojú á fi tì yín láti sọ pé àyè ò sí. Ọ̀rọ̀ 200 tó. Ẹ má fi wákàtí dá a, torí èèyàn lè jókòó fún wákàtí méjì kó jẹ́ pé ògiri ló ń wò. Anthony Trollope, òǹkọ̀wé tó tún jẹ́ òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń gbé aago síwájú láàárọ̀ kùtù kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ 250 ló ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dán ìyẹn wò. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ló ń kà, kì í ṣe bó ṣe ń ṣe é lọ́kàn.

Ní ti irinṣẹ́, ìwé eksasáìsì àti bírò ni. Kọ̀ǹpútà yá lóòótọ́, àmọ́ ó ti rọrùn jù láti pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ má lo pẹ́ńsù náà. Ẹ̀yìn bébà tí wọ́n ti tẹ nǹkan sí lójú kan dáa púpọ̀, torí kò sẹ́ni tó ń retí iṣẹ́ àrà lórí bébà àlòkù. Tó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ ní, ẹ pa dátà.

Ó wá ku ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́: ẹ má ka ohun tẹ́ ẹ ti kọ títí tí ẹ ó fi kọ ọ́ parí. Mo mọ̀ pé ẹ ó kà á. Gbogbo ẹni tí mo rí tó pa ìtàn tì lágbedeméjì, ibẹ̀ ló ti ṣubú. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ mọ ibi tí àwọn dé ni. Wọ́n á ṣí ojú ìwé kìíní. Wọ́n á rí “Ọkùnrin náà wọlé, ó jókòó,” wọ́n á sọ ọ́ di “Ọkùnrin náà wọlé, ó sì jókòó.” Wọ́n á kà á sókè. Wọ́n á yọ “sì” kúrò. Ilẹ̀ á ti ṣú, kò ní sí ìlà tuntun kan lórí bébà, ọkàn á wá ní: “Mo sọ fún ọ, o ò lè kọ̀wé.” Lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ló sì sọ.

Kó má baà rí bẹ́ẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró nígbà tẹ́ ẹ ṣì mọ ohun tó kàn. Hemingway, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ohun tó kàn náà sísàlẹ̀ ní gbólóhùn kan. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi bébà bo gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀, gbólóhùn yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ kà. Tẹ́ ẹ bá rántí pé nǹkan kan ò dáa ní ojú ìwé kẹta, ẹ kọ ọ́ sí bébà mìíràn pé “ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kì í ṣe àbúrò,” kẹ́ ẹ sì máa bá ìtàn lọ bíi pé ẹ ti tún un ṣe. Orúkọ tẹ́ ẹ gbàgbé, ẹ fi ìlà sílẹ̀ fún un.

Ẹ má sì gbé ohun tẹ́ ẹ ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde. Olóòtú ti fọwọ́ tún ìyẹn ṣe, ẹ̀yin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ni.

Tí ohùn tó ń sọ lọ́kàn yín pé ẹ ò lè kọ̀wé bá le jù, ẹ wá ìwé kékeré mìíràn tí ẹ ó máa kọ ọ́ sí. Ní 1938, John Steinbeck, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ń kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé òun kì í ṣe òǹkọ̀wé, òun kàn ń tan ara òun àtàwọn ẹlòmíì jẹ. Ìtàn tó ń kọ lọ́wọ́ nígbà náà jáde ní 1939, ó sì gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá fún ìwé kíkọ ní Amẹ́ríkà, lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìlà mẹ́ta tó. Ẹ pa ìwé kékeré náà dé, kẹ́ ẹ bọ́ sórí iṣẹ́.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pa jẹ, ẹ má san án padà. Ọ̀rọ̀ 200 náà ni tọjọ́ kejì.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ fún ẹnì kan ṣoṣo kà, kó má jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn yín jù. Ẹ má bi í bóyá ó dáa. Ẹ bi í pé ibo ló ti sú u. Kẹ́ ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé tàbí ìwé ìròyìn kankan, ẹ ti kọ orúkọ mẹ́rin mìíràn sílẹ̀; ọjọ́ tí èyí àkọ́kọ́ bá kọ̀ ọ́, kílẹ̀ tó ṣú, ẹ fi í ránṣẹ́ sí èkejì.