Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Ìtàn Ayé Yunifásítì Lẹ́nu Àwọn Òbí Yín

Bí ẹ bá bi àwọn òbí yín pé, "Báwo ni yunifásítì ṣe rí nígbà tiyín?", ohun tí wọ́n ti sọ fún gbogbo ayé náà ni wọn yóò tún sọ: ayé dùn nígbà náà, àwọn ọ̀dọ́ sì mọ̀wé. Ìbéèrè náà ló fẹ̀ jù. Ohun kékeré ni kí ẹ béèrè. Ta ni wọ́n jọ gbé yàrá lọ́dún àkọ́kọ́? Nígbà tí kò sí fóònù alágbèéká, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ọ̀rẹ́ wọn wà? Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé òun ni ó máa ń fa ọ̀rọ̀ ìwé pélébé tí wọ́n há sí ẹnu ilẹ̀kùn yọ, àti ti lẹ́tà tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ retí.

Àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láti nǹkan bí ọmọ ọdún 10 sí 30 ni àgbàlagbà máa ń rántí jù, ìgbà yunifásítì sì bọ́ sí àárín rẹ̀. Síbẹ̀, ìrántí a máa bu oyin sí ọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ béèrè ìdánwò tí wọ́n fìdí rẹmi àti ọjọ́ tí owó tán lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú.

Fọ́tò ni kí ẹ fún ní àkókò jù. Ẹ gbé e ka iwájú wọn, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹni tí ó dúró létí àwòrán, tí kò sẹ́ni tí ó dárúkọ rẹ̀ rí, lè ní ìtàn tí ó dùn jù lọ. Ọ̀pọ̀ fọ́tò aláwọ̀ ti àwọn ọdún 1970 ti ń ṣá, nítorí náà ẹ gbé wọn kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ àti ooru, kí ẹ sì fi skánà yà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà ní 600 dpi, ìyẹn ìwọ̀n bí àwòrán náà yóò ṣe hàn kedere tó. Álíbọ́ọ̀mù tí ojú ewé rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù, èyí tí ó gbajúmọ̀ nígbà náà, máa ń ba fọ́tò jẹ́; bí fọ́tò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, ẹ má ṣe fà á tu, ojú ewé náà lódindi ni kí ẹ fi skánà yà. Pẹ́ńsùlù tí ó rọ̀ ni kí ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, nítorí pé báírò a máa tẹ ojú rẹ̀ wọnú, yíǹkì rẹ̀ sì lè ràn.

Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ pe ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá nígbà náà wá jókòó tì wọ́n, nítorí pé ọ̀rẹ́ àtijọ́ kì í jẹ́ kí àsọdùn kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá ní òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìgboyè, tí èkejì sì ní oòrùn mú ṣáṣá, ẹ má ṣe dá ẹjọ́ náà. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan tì í.