Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Tọ́jú Aláìsàn Nílé, Ẹ Wo Ara Yín Náà

Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin ni mo fi tọ́jú màámi lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn lápá òsì. Wákàtí méjì-méjì ni mo máa ń yí wọn padà lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn wọn má baà di egbò. Ìyẹn máa ń mọ́ni lára. Èyí tó fẹ́ẹ̀ gbé mi ṣubú ni pé téèyàn bá fẹ́ràn ẹni dénú, ìrora onítọ̀hún máa ń wọni lára, tó bá sì ti wọlé, kì í dá jáde.

Ẹ kọ́kọ́ mọ àmì rẹ̀, torí kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ẹkún. Lóru ọjọ́ kan, màámi pè mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún pè mí. Mo gbọ́. Mo kọjú sí ògiri, mo di etí ìbora mú gírígírí, mo ṣe bí ẹni tó ti sùn wọra. Nígbà tí mo dìde níkẹyìn, omi lásán ni wọ́n fẹ́ mu. Wọ́n mu ún tán, wọ́n ní, "Má bínú, mo mọ̀ pé ó rẹ̀ ọ́." Mi ò lè wojú wọn.

Mo rò pé mo ti di ìkà ni, àmọ́ irọ́ ni. Láti 1992 ni wọ́n ti kọ nípa irú nǹkan yìí láàárín àwọn nọ́ọ̀sì. A lè pè é ní àárẹ̀ àánú. Tẹ́ ẹ bá ń fara pamọ́ fún ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn, tàbí tẹ́ ẹ bá ń fìkanra ti ṣíbí sí wọn lẹ́nu, ẹ tètè mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín kọjá oorun.

Ẹ wá bi ara yín ní ìbéèrè. Ìbéèrè 22 kan wà tí olùṣèwádìí kan, Steven Zarit, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún olùtọ́jú, láti fi mọ bí ẹrù ìtọ́jú ṣe wúwo tó lọ́rùn wọn. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni bóyá ẹ rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣe jù báyìí lọ. "Nígbà gbogbo" ni mo kọ sí i, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín iṣẹ́. Ẹ má kàn sọ pé "ẹ ràn mí lọ́wọ́," gbogbo èèyàn á ní àwọn ti gbọ́, kò sẹ́ni tó máa wá. Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi ọkùnrin ni pé: "Ní Sátidé, láti aago méjì sí mẹ́fà, ìwọ lo máa wà lọ́dọ̀ màámi. Oògùn aago mẹ́rin nìyí." Ó fẹ́ ṣàwáwí. Mo wá sọ ìwádìí kan tó jáde ní 1999 fún un: láàárín ọdún mẹ́rin, ewu ikú àwọn àgbàlagbà tí ìtọ́jú ọkọ tàbí ìyàwó wọn ń ni lára fi ìdá 63 nínú 100 ju ti àwọn tí kò tọ́jú ẹnikẹ́ni. Ó dákẹ́. Ó wá ní Sátidé. Ó da oúnjẹ sí màámi láyà, kò yí ìrọ̀rí bí mo ṣe máa ń yí i. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀! Tẹ́ ẹ bá ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́yìn wọn, wọn ò ní padà wá. Kẹ́ ẹ sì jáde nílé. Mo jókòó sínú yàrá kejì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, etí mi ò kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Èyí tó ṣe mí láǹfààní jù rèé. Tí màámi bá ń kérora, èmi náà á ti di eyín mọ́ra, èjìká mi á le. Àwọn olùṣèwádìí kan, Olga Klimecki àti Tania Singer, rí i pé àwọn tí wọ́n kọ́ láti máa jẹ ìrora ẹlòmíì pẹ̀lú rẹ̀, inú wọn ń bàjẹ́ sí i. Nígbà tí wọ́n wá kọ́ wọn láti máa fẹ́ ire fún un, ara wọn wálẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé aláìsàn náà léjìká, ẹ tú eyín ká, ẹ mí kanlẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ nínú yín pé, "Ara á tù yín." Tẹ́ ẹ bá ń jáde ní yàrá, ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí kò tiẹ̀ dọ̀tí.

Àmọ́ tó bá ti débi tẹ́ ẹ ń rò ó pé kẹ́ ẹ kú, tàbí tó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ lu aláìsàn náà, ẹ má dúró de Sátidé. Ẹ pe ẹnì kan kó wá jókòó tì wọ́n nísinsìnyí, kẹ́ ẹ sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.