Bí Ẹ Bá Fẹ́ Kó Ẹbí Lọ Jẹun Ní Kàbà Lọ́jọ́ Ìsinmi

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀kún o. Bí ẹ bá fẹ́ kó ẹbí lọ jẹun ní Kàbà lẹ́yìn ìsìn, ní irú ilé oúnjẹ tí a ti ń tò síwájú kántà, tí a ń sanwó kí a tó gba àwo, ẹ má wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àsìkò kan náà ni ṣọ́ọ̀ṣì ń túká, àwọn arìnrìn-àjò tó ń ti Lọ́kọ́ja lọ sí Èkìtì náà sì ń yà jẹun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí ìdúró ni Màmá wa wà títí, ìrẹsì àwọn ọmọ sì ti tutù kí iyán àwọn àgbà tó jáde. Ẹran tí wọ́n fi hàn wá kọ́ ni wọ́n bù fún wa!

Ẹ rán ẹnì kan ṣáájú. Kó wá àga fún àwọn àgbà, kó sì béèrè ohun tó kù nínú ìkòkò gan-an, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. Iyán ni kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe, torí òun ló ń pẹ́ jù. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó sanwó fún gbogbo yín, kó gba rìsíìtì, kó sì ní owó lọ́wọ́, torí tíránsífà lè há sọ́nà níbi tí èrò ti pọ̀. Ẹ ka ẹran lójú wọn kí ẹ tó gbé àwo kúrò.

Bí ẹ bá ju mẹ́fà lọ, ẹ kúkú gún iyán nílé, kí ẹ lọ ra ọbẹ̀ nìkan sínú kúlà.