Ìbò ò pé: bí mo ṣe ti sáfà ara mi pa lóru

Lítà epo 15 ni jẹnẹrétọ̀ jẹ lóru ọjọ́ yẹn ní Bódìjà, nítorí àṣẹ kan tí mo sáré tẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Sáfà mẹ́ta, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pa dátà mọ́, la fi ń tọ́jú ìwé owó ṣọ́ọ̀bù wa: Bódìjà, Dùgbẹ̀, Mókọ́lá. etcd, sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí àkọsílẹ̀ gbogbo wọn bára mu, ló ń mú ohùn wọn ṣọ̀kan, Raft, ìlànà ìdìbò tí Ongaro àti Ousterhout gbé jáde lọ́dún 2014 ló sì ń lò. Àfi tí èyí tó ju ìdajì bá fọwọ́ sí nǹkan ni wọ́n tó gbà pé ó fìdí múlẹ̀. Nígbà tí iná wá lójijì tó jó ti Dùgbẹ̀, méjì tó kù ṣì tó. Mo ra òmíràn, mo tò ó. Ìyẹn ò ní ìtàn.

Mo fẹ́ forúkọ sáfà tuntun náà sílẹ̀ sínú ẹgbẹ́, etcd kọ̀, ó ní "unhealthy cluster", pé ara ẹgbẹ́ ò yá. Àbúrò tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká má kọ́kọ́ yọ òkú Dùgbẹ̀ ni?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Èmi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí tipẹ́! Mo pa strict-reconfig-check, ààbò tó ń dènà irú ìforúkọsílẹ̀ yẹn, mo forúkọ náà sílẹ̀ tipátipá.

Òkú ò kúrò, àlejò ti wọlé, wọ́n di mẹ́rin. Tí wọ́n bá sì jẹ́ mẹ́rin, mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Mo tún wá ṣi nọ́ńbà kan kọ nínú àdírẹ́sì tuntun, kò sẹ́ni tó rí i. Ó ku méjì tó lè dìbò. Mo ní kí n yọ òkú, ìbò ò pé. Kí n yọ àlejò, ìbò ò pé. Kí n tún àdírẹ́sì ṣe, ìbò ò pé! Ìbò náà ni wọ́n fi ń yọ ọmọ ẹgbẹ́, àṣé. Títí di aago 2 òru ni mò ń tẹ ohun kan náà bí òpè.

Nígbà tí orí mi wálé, mo wo raft index àwọn méjèèjì, nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí àkọsílẹ̀ wọn dé. Ti Bódìjà ló wà níwájú. Mo ṣe ẹ̀dà dátà rẹ̀, mo pa Mókọ́lá, mo fi --force-new-cluster tan Bódìjà. Ó gbàgbé gbogbo wọn, ó di ẹgbẹ́ ẹlẹ́nìkan. Iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ mi, n ò purọ́. Mo nu Mókọ́lá mọ́, mo gbà á padà bíi learner, èyí tó wà láti etcd 3.4: ó ń da àkọsílẹ̀ kọ, kò dìbò títí ó fi bá wọn dọ́gba, tí mo sì fún un lẹ́tọ̀ọ́ ìbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún tuntun, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká ní mo bẹ̀rẹ̀ báyìí ni.

Àbúrò mi ò sọ nǹkan kan. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo, ó ní kí n mówó epo wá.